Ẹ Má Pe Ebi Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ Ní Wọ̀bìà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ojú ìwé ìlera ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí bí mo bá ti ra ìwé ìròyìn yín, kí n tó wo ti bọ́ọ̀lù. Mo dúpẹ́ fún gbogbo ohun tí ẹ ti kọ nípa àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jókòó sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń bá wí. Àwa tí a ń fi ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ ńkọ́? Àwa tí a ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ síbi iṣẹ́, tí a tún ń gùn ún jáde nílùú lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀nà tí ṣúgà ń gbà yọ wá lẹ́nu yàtọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bá wa sọ ọ́. Ìdí rèé tí mo fi mú bírò.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà tí wọ́n máa ń sọ fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó bá ń wá ohun dídùn kiri ní Ìbàdàn yìí. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ á ní, "Mu mínírà rẹ jàre, o ó làágùn ẹ̀ jáde." Àwọn tó ń bẹ̀rù fún un á ní, "Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Wọ̀bìà ló ń dà ọ́ láàmú." Mo ti gbọ́ méjèèjì títí, n kò sì rí èyí tó tọ̀nà níbẹ̀. Ṣúgà ní wákàtí tirẹ̀ lára ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ìyánhànhàn tó sì máa ń gbé wa dìde lálẹ́ láti wá búrẹ́dì àti mínírà, àárọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a gun kẹ̀kẹ́ jáde láìjẹun tó. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá. Àpẹ́tẹ̀ ni ilé mi wà, mo sì máa ń gba Ìjókòdó jáde sí Sángo kí n tó kọjú sí òkè Mọ́kọ́lá. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé ilẹ̀ wa kò tẹ́jú rárá. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè lọ́dún 2023 ni mo ti ń rí ojú tuntun lójú ọ̀nà: káfíńtà tó so ayùn mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ Pólì tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tí dókítà ní kó máa mi ara. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá jọ dúró níbi tí ọkọ̀ ti dí, tí mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ kúrò nílé, èyí tó pọ̀ jù á ní, "Mo mu tíì." Bí a bá tún pàdé lírọ̀lẹ́, búrẹ́dì aládùn ló máa ń wà lọ́wọ́ kan, ìgò mínírà á wà ní ìkejì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ òógùn kúrò nílẹ̀. Òógùn kì í gbé ṣúgà jáde lára. Omi àti iyọ̀ ló ń bá òógùn jáde. Ẹni tí òógùn bá ti ṣàn dé ètè rẹ̀ rí mọ ìtọ́wò rẹ̀. Inú iṣan ẹran ara ni ṣúgà ti ń jóná, ìgbà tí iṣan bá sì ń ṣiṣẹ́ ló ń jó jù lọ. Bí èèyàn bá ti délé, tó ti wẹ̀, tó ti na ẹsẹ̀ síwájú tẹlifíṣàn, iṣẹ́ ti tán nìyẹn. Mínírà tó bá mu nígbà náà kò ní jó bíi ti orí kẹ̀kẹ́.

Ẹ yí ìgò mínírà padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Ẹlẹ́rìndòdò tó bá dùn dáadáa máa ń ní nǹkan bíi gíráàmù ṣúgà 10 nínú mìlílítà 100. Ìgò 50cl á jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 50, ìyẹn bíi ṣíbí tíì 12. Lọ́dún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ṣúgà tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ àti ohun mímu, títí kan oyin àti omi èso tí wọ́n fún, kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí èèyàn ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́ lọ. Fún ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ kálórì 2,000 lójúmọ́, gíráàmù 50 nìyẹn. Wọ́n tún ní bí èèyàn bá lè mú un wálẹ̀ sí ìdajì ìyẹn, ara á túbọ̀ dá. Ìgò kan ṣoṣo ti gbé gbogbo rẹ̀ tán, a ò tíì ka kóró ṣúgà inú tíì àárọ̀, a ò tíì ka búrẹ́dì.

Ó yẹ kí n sọ bí ara ṣe ń ṣe é, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní máa bú ara rẹ̀ ní wọ̀bìà. Ibi méjì ni ara ń kó ṣúgà pamọ́ sí, iṣan àti ẹ̀dọ̀. Ti iṣan tó nǹkan bíi gíráàmù 400, ti ẹ̀dọ̀ á tó bíi 100. Ti ẹ̀dọ̀ ni ọpọlọ gbójú lé lóru tí a bá sùn, nítorí náà bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ó ti lọ sílẹ̀ gan-an. Bí èèyàn bá wá gun kẹ̀kẹ́ jáde lórí tíì lásán, tó ń fi agbára gun òkè, láàárín wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì, ti iṣan náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ náà kò bọ́: ó gun kẹ̀kẹ́ lárọ̀ọ́ láìjẹun, ó dúró nídìí ẹ̀rọ títí di ọ̀sán, ó fi gúgúrú tan ara rẹ̀ jẹ, ó tún gun kẹ̀kẹ́ padà sílé. Ní agogo méje alẹ́, ọpọlọ á figbe ta. Kò ní béèrè ẹ̀fọ́, kò ní béèrè ẹja. Ohun tó máa yára wọ ẹ̀jẹ̀ ló máa béèrè, ṣúgà sì ni. Oúnjẹ àárọ̀ tí a jẹ ara ní gbèsè ló wá gbà yẹn, èlé ló sì fi ń gbà á.

Bí èèyàn bá wá fi ohun dídùn nìkan dá a lóhùn, wàhálà á túbọ̀ pọ̀ sí i. Ṣúgà á sáré wọ ẹ̀jẹ̀, ínsúlíìnì, èròjà ara tó ń darí ṣúgà, á jáde láti kó o kúrò, láìpẹ́ ebi á tún dé. Lẹ́yìn búrẹ́dì, á di bisikíìtì. Lẹ́yìn bisikíìtì, á di pé kí wọ́n rán ọmọ lọ ra súwíìtì ní kìósì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wà nípò yìí rí mọ̀ pé ìpinnu ọkàn kò lè dá a dúró. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ọ̀nà kejì tí èèyàn fi lè ṣìnà ni kó bẹ̀rù ṣúgà débi pé kò ní fẹ́ rí i sójú, àní lórí kẹ̀kẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú àwa tí a jọ máa ń jáde ní Sátidé, ẹsẹ̀ rẹ̀ le ju ti gbogbo wa lọ. Àtọ̀gbẹ ń bá bàbá rẹ̀ fínra, òun náà sì búra pé ohun tó bá ti dùn kò ní kan òun lẹ́nu mọ́: kò jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kò jẹ ọsàn, kò fi ṣúgà sí ògì. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, a gbéra láti Òjòó, a gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ àtijọ́, a kọjá ọgbà ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA àti Mọníyà, a dé Fìdítì. Omi lásán ló wà nínú ìgò rẹ̀. Nígbà tí a ń padà bọ̀, tí a fẹ́ẹ́ dé Ìròkò, mo rí i tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń rìn ségesège níwájú mi. Mo pè é. Ó dáhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ́ fi igi gbé kẹ̀kẹ́ dúró, kò rí i ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì. Oòrùn wà lókè ganrínganrín, síbẹ̀ nígbà tí mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, òógùn tútù ni mo bá níbẹ̀.

Ìyá kan ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà lẹ́bàá títì. Kí a tó sọ ohunkóhun ni ìyá ti dìde, tó gbé àga ìjókòó rẹ̀ fún wa.

"Ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ kì í jẹun nílé kí ẹ tó máa sá eré yìí ni?"

Mo ra mínírà kan lọ́wọ́ ìyá, mo ṣí i, mo gbé e fún un. Ó ń mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò kí ń mu ún."

"Àbúrò, kì í ṣe fún ìgbádùn lo fẹ́ mu ún báyìí. Gbà, mu ún díẹ̀díẹ̀."

Ó mu ìdajì. Ìgò 35cl ni, ìdajì rẹ̀ á tó gíráàmù ṣúgà 15 sí 20, ìwọ̀n tí àwọn dókítà náà máa ń ní kí wọ́n fún ẹni tí ṣúgà ara rẹ̀ bá já wálẹ̀, kí wọ́n sì dúró bíi ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n tó tún wò ó. A dúró. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là, ó béèrè kẹ̀kẹ́ rẹ̀, a sì mọ̀ pé ó ti padà bọ̀. Ìyá já ẹ̀kọ fún un, ó kó àkàrà lé e, ó dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ó kọ̀, kò gba owó àkàrà náà lọ́wọ́ wa. Ọlọ́run á bá mi kẹ́ ìyá yẹn.

Oògùn ni mínírà tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn mu lọ́jọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ pé agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ló mu ún lórí àga tìmùtìmù, lẹ́yìn iyán, kì í ṣe oògùn mọ́. Mínírà kan náà ni o. Wákàtí ló yàtọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ẹgbẹ́ mi, bí ìrìn yín kò bá tó wákàtí kan, omi tó yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ohun mímu aládùn fún yín nítorí Sángo sí Dùgbẹ̀. Bí ó bá ju wákàtí kan lọ tí ẹ sì ń fi agbára gùn ún, iṣan fẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 30 sí 60 èròjà afáralókun, ìyẹn ṣúgà àti sítáàṣì inú oúnjẹ, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, orí kẹ̀kẹ́ gan-an ló sì ti fẹ́ ẹ, kó má tíì di pé ẹ délé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó mọ níwọ̀n á fún yín ní bíi 25. Dàbínù dára, ó rọrùn láti fi sápò, kì í bàjẹ́ nínú oòrùn. Ọ̀dùnkún bíbọ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá, tí wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí, èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo bisikíìtì ayé yìí lọ.

Ohun tí mo ń pò sínú ìgò kò ṣòro. Ìgò mi gba 75cl. Kí n tó gbéra ní Sátidé, mo máa ń bu ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́wàá sí i, ṣíbí tó tẹ́jú, kó má ga. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i, mo fi ìka méjì bu iyọ̀ lé e, mo rọ omi lé e lórí, mo sì máa ń mì í títí n kò fi ní gbọ́ kí ṣúgà máa ró wàrà-wàrà nídìí ìgò mọ́. Ìyẹn á tó bíi gíráàmù 40. Kò ki jù, inú máa ń tètè gbà á. Mínírà ki jù ú lọ, gáàsì rẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí inú wú nígbà tí èèyàn bá tẹ̀ síwájú lórí kẹ̀kẹ́. Láti bíi ogún ìṣẹ́jú tí mo bá ti gbéra ni mo ti máa ń tọ́ ọ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ìgò kejì, omi lásán ló máa ń wà níbẹ̀. Mo máa ń fi yọ ẹnu lẹ́yìn ti aládùn, nítorí eyín.

Oúnjẹ àárọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ dúró tì jù lọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ alẹ́ ti ń bàjẹ́ tàbí kó dára. Ìyá Ìbejì tó wà nílé mi kò ka ògì pẹ̀lú ṣúgà nìkan sí oúnjẹ. "Bàbá Ìbejì, èyí kò lè gbé yín dé Sángo," ohun tó máa ń wí nìyẹn, á sì ti mọ́ínmọ́ín síwájú mi. Òótọ́ ló sọ. Ògì oníṣúgà máa ń yára kọjá, agogo mẹ́wàá kò ní tíì lù kí ebi tó padà. Ṣùgbọ́n bí mọ́ínmọ́ín, àkàrà, ẹyin tàbí ẹja bá bá a rìn, á pẹ́ nínú, ṣúgà á sì máa wọ ẹ̀jẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ̀wà sísè pẹ̀lú gàrí náà lágbára, bí èèyàn bá ní bíi wákàtí méjì kó tó gun kẹ̀kẹ́. Ẹni tí kò bá lè jẹun ní kùtùkùtù, kó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì kó tó jáde, kó sì di ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín dání lọ síbi iṣẹ́. Ẹ má dúró di ọ̀sán.

Bí ìrìn bá sì ti parí, oúnjẹ gidi ni kí ẹ kọjú sí láàárín wákàtí kan, kó má jẹ́ ìpápánu. Iṣan ṣí sílẹ̀ nígbà náà, ó ń wá ohun tí yóò kó pamọ́. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ máa ń wo àwọn àgbà ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ìlú òyìnbó, wọ́n á sì máa wá àwọn ìyẹ̀fun olówó gọbọi inú ike. Ní Ìbàdàn! Ibi tí àmàlà gbígbóná wà, pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì àti ẹja tútù méjì! Àmàlà á dá ṣúgà padà sínú iṣan, ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì, òun àti ẹja ló sì máa tún iṣan ṣe. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ yó lọ́sàn-án Sátidé, ẹ wò ó lálẹ́, kò ní máa wá súwíìtì kiri. Mo rí i lára ara mi, mo rí i lára àwọn tí a jọ ń jáde.

Ṣé ìyánhànhàn náà á wá tán pátápátá? Rárá o. Ìgbà mìíràn wà tí èèyàn á jẹun yó, síbẹ̀ tí ẹnu á máa yún un. Ìyá Ìbejì ní ìbéèrè kan tó máa ń bi àwọn ọmọ bí wọ́n bá ní ebi ń pa àwọn lálẹ́: "Ṣé wàá jẹ ẹ̀kọ?" Bí ọmọ bá ní òun á jẹ ẹ̀kọ, ebi ni, ẹ fún un lóúnjẹ. Bí ó bá ní ẹ̀kọ kọ́, bisikíìtì ni, ẹnu ló ń yún un. Èmi náà máa ń bi ara mi bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ẹnu, mo máa ń mu omi tútù kan, mo sì máa ń jáde lọ sẹ́yìn ilé lọ nu ṣéènì kẹ̀kẹ́ mi. Bí kò bá tíì lọ nígbà tí mo bá ṣe tán, ọsàn ni mo máa ń bó, tàbí ìbẹ́pẹ, tàbí àgbálùmọ̀ bí àsìkò rẹ̀ bá tó. Òfìo tàbí àgbọn pẹ̀lú dàbínù kan náà máa ń pa á. A kì í ra bisikíìtì páálí sínú ilé wa, nítorí ohun tí kò sí nílé kò lè máa pe èèyàn lóru.

Oorun wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá sùn tó, ara rẹ̀ á máa tú èròjà tó ń mú ebi wá jáde sí i, èyí tó ń sọ fún un pé ó ti yó á sì dín kù. Wọ́n wo bọ́ọ̀lù di òru, wọ́n tẹ fóònù di òru, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ pẹ̀lú ojú pípọ́n, wọ́n wá ń fi ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára gbé ara wọn ró. Ṣúgà inú agolo yẹn kò kéré sí ti mínírà, kaféènì sì tún wà nínú rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí wọ́n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú ń bí mi sí ìpolówó wọn tó ń fi eléré ìdárayá hàn. Mọ́ọ̀tì náà, tí a máa ń gbé fún aláìsàn àti abiyamọ bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ẹ ka ẹ̀yìn ìgò rẹ̀. Zobo dára, ṣùgbọ́n ẹ bẹ ẹni tó ń tà á pé kó ṣe tiyín láìfi ṣúgà sí i. Tèmi máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún mi, atalẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó nìkan ló máa ń fi sí i.

Ohun kan wà tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ mi bojú. Bí ohun dídùn bá ń wù yín jẹ ṣáá, tí òǹgbẹ ń gbẹ yín láìdúró, tí ẹ ń jí tọ̀ léraléra lóru, tí èèrà ń ṣù bo ibi tí ẹ tọ̀ sí, tí ẹ sì ń rù láìmọ ìdí, ẹ má sọ pé kẹ̀kẹ́ ló fà á. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ tó jẹun. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín bá wà láàárín 100 sí 125 lórí òṣùwọ̀n mg/dl, ó ti ń kọjá ààlà díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá dé 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ ni. Ẹni tó bá sì ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí tó ń gún ínsúlíìnì, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́nà jíjìn, kó sì máa fi nǹkan aládùn sápò nígbà gbogbo, nítorí ṣúgà ara irú wọn lè já wálẹ̀ ju ti ọ̀dọ́mọkùnrin Ìròkò yẹn lọ.

Mo fẹ́ bẹ àwọn ọ̀gá wa níbi iṣẹ́. Ó wọ́pọ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé pé bí iṣẹ́ bá pọ̀, tí a bá ṣe é di alẹ́, ọ̀gá á ní kí wọ́n lọ gbé páálí mínírà wá fún wa. Inú rere ni, a sì máa ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n owó yẹn kan náà lè ra ẹ̀pà yíyan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi inú ọ̀rá, tàbí kí wọ́n ránṣẹ́ sí ẹlẹ́kọ ìsọdá títì. Ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ padà sí Àpẹ́tẹ̀, sí Àkóbọ̀ tàbí sí Ológunẹ́rú lálẹ́ á rí agbára gùn ún, kò sì ní máa jẹ ohun gbogbo tó bá rí nígbà tó bá délé. Mo sì fẹ́ bẹ àwọn olùkọ́ tó ń ṣètò eré ìje ilé ẹ̀kọ́: ọmọ tó sáré 100 mítà kò nílò ìgò 50cl. Omi àti ọsàn tó wọn. Ní ayé ìgbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́, ọsàn bíbó ni wọ́n ń pín fún wa, a sì sáré.

Ní ti ìjọba, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí lópin ọdún 2021 fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ẹlẹ́rìndòdò. Ìgò 50cl, náírà 5 ni tirẹ̀ nígbà náà. Bí náírà ṣe wá dà lónìí, n kò rí ẹni tí náírà 5 á dá ọwọ́ rẹ̀ dúró nídìí kúlà. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n mú àwọn ilé iṣẹ́ lápàpàǹdodo láti kọ ìwọ̀n ṣúgà síwájú ìgò ní nọ́ńbà gàgàrà, tí ìyá arúgbó náà á rí kà láìwá awò ojú.

Olóòtú, ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín nìyí. Ẹ yan ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ rán oníròyìn yín kan lọ sí ọjà Bódìjà tàbí Dùgbẹ̀, kó ka ẹ̀yìn ìgò àwọn ohun mímu tí a ń rà jù, mínírà, mọ́ọ̀tì, ti agolo, yúgọ́ọ̀tì, omi èso inú páálí, kí ẹ sì tẹ iye gíráàmù ṣúgà inú ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde ní èdè Yorùbá, kí ẹ fi iye ṣíbí tíì tó jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé kan ṣoṣo, èmi fúnra mi á gé e, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń gbé kẹ̀kẹ́ sí, màá sì mú ọ̀kan lọ fún fọganáísà tó wà ní Ìjókòdó, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ apá ọ̀dọ̀ wa ti ń fẹ́ táyà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Ìbejì, atẹ̀wé,
Àpẹ́tẹ̀, Ìbàdàn.